Máàpù Orí Àpò Sìmẹ́ńtì

Gárééjì Láfẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta ni mo ti wọkọ̀. Àwa mẹ́rin la fún ara wa pọ̀ sẹ́yìn, àpò gààrí sì gba ibi tó yẹ kí n gbé ẹsẹ̀ sí. Ayétòrò ni mò ń lọ. Tíṣà kì í gbọ́ orúkọ ìlú náà kó má rántí Comprehensive, ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963 láti da iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni mo bá lọ.

Mo ti kọ ìbéèrè mi sílẹ̀. Asán ni. Wọn ò tíì kí mi tán tí ọmọbìnrin kan ti nawọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ìyá àgbà yín ti wá?”

Mo ní Abẹ́òkúta.

“Kí wọ́n tó dé Abẹ́òkúta ńkọ́, mà?”

Mi ò mọ̀. Àǹtí tó ń kọ́ wọn ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan ló dá iṣẹ́ máàpù wọn sílẹ̀: kí ló dé tí ìyá àgbà òun ní Kétu, lódìkejì bodè, fi ń ná owó sẹ́fà, nígbà tí gbogbo wọn jọ ń sọ Yorùbá? Àǹtí kò dáhùn. Ó ní kí wọ́n lọ wádìí. Wọ́n bi àwọn àgbà, wọ́n bi awakọ̀, wọ́n tú àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n fi èédú ya ilẹ̀ Yewa sí i. Ìlà pupa kan ya Ìmẹ̀kọ sọ́tọ̀ kúrò lára Kétu, wọ́n kọ 1889 sí i, ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ pín ilẹ̀ náà. “Oko bàbá mi wà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún,” ni ọmọkùnrin kan wí. Lórí tábìlì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n fi páálí ṣe ru ọ̀kadà lórí. Wọ́n ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò mọ bodè.

Yorùbá ni wọ́n fi ń jiyàn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni Àǹtí fi dè wọ́n, ó dá mi lójú pé ọmọbìnrin yẹn kì bá tí nawọ́.

Mo gbé fóònù, mo pe màmá mi níwájú wọn. “Òkè-Odàn ni wọ́n ti wá,” ni màmá wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ máàpù. Ìwé ti tán nísàlẹ̀ Ìlaròó. Ọmọkùnrin kan ti sáré jáde lọ wá àpò sìmẹ́ńtì mìíràn.