Ìdè Ọrùn Ọwọ́

Ìdè náà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀, gígùn rẹ̀ kò sì ju èyí tó lè yí ọrùn ọwọ́ po lọ. Ike ni wọ́n fi ṣe é, ó mọ́ gaara débi pé awọ ara hàn kedere lábẹ́ rẹ̀. Àárín rẹ̀ le díẹ̀, ó sì tẹ̀ kí ó lè bá ọwọ́ mu. Etí rẹ̀ méjèèjì rọ̀, wọ́n sì ní ìdìmú tó ń lẹ̀ mọ́ra, irú èyí tó máa ń wà lára bàtà ọmọ ilé-ìwé. Lábẹ́ ibi tó le yẹn ni àpò afẹ́fẹ́ méjì wà, ńlá kan, kékeré kan, pẹ̀lú àmì aláwọ̀ ewé kékeré tó ń fi ibi tó yẹ kí ó jókòó sí hàn. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń ki ṣírínjì bọ̀ láti fi afẹ́fẹ́ sínú àpò. Èyí tí àwọn dókítà mọ̀ jù ni TR Band, tí ilé iṣẹ́ Terumo ti ilẹ̀ Japan ń ṣe.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń dí ojú ihò tí dókítà dá sí iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, tí wọ́n sì fura pé iṣan tó ń bọ́ ọkàn ti ń dí, wọ́n lè gba ọrùn ọwọ́ ti káthítà, ìyẹn rọ́bà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ inú iṣan títí yóò fi dé ẹ̀bá ọkàn. Wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ihò tí wọ́n gbà wọlé kò ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ. Ó kéré lójú, àmọ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n ń gún tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bí ọkàn ṣe ń sọ kì-kì ni ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń tú pùú. Wọ́n sì ti fún aláìsàn ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí káthítà má baà dí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré, tí wọ́n tún ti ní kó má dì, òun ni ìdè yìí wá kojú.

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Olóòlà tó ń dákọ́ fún ọmọ ní agboolé mọ iṣẹ́ omi ìgbín. Á fọ́ ìdí ìkarahun, á sì kán an sójú egbò. Iṣan kéékèèké ló wà níbẹ̀. Ti iṣan ńlá yàtọ̀ pátápátá. Títẹ̀ ló ká a, títẹ̀ tí ọwọ́ kò ní kúrò níbẹ̀ kí àsìkò tó pé.

Ní 1929, ọdún tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó sórí òkè ní Ìbàdàn, dókítà ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Werner Forssmann ti káthítà gba iṣan apá ara rẹ̀ títí ó fi dé inú ọkàn rẹ̀. Ní 1953, Sven-Ivar Seldinger ti ilẹ̀ Sweden kọ nípa ọgbọ́n abẹ́rẹ́ àti wáyà: kí abẹ́rẹ́ lanà, kí wáyà gba inú abẹ́rẹ́ wọlé, kí káthítà gorí wáyà, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ la ara láti wá iṣan. Itan ni wọ́n sábà máa ń gbà nígbà náà. Tí wọ́n bá yọ káthítà tán, dókítà tàbí nọ́ọ̀sì á fi ọwọ́ tẹ ìdí itan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, kò sì gbọdọ̀ ṣí i wò. Aláìsàn á wá fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìká ẹsẹ̀ kò. Ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Wọ́n ṣe ohun èlò fún itan náà. Ọ̀kan nínú wọn, Angio-Seal, ń fi ìdákọ̀ró kékeré kan sínú iṣan, kọ̀lájìn á dí ojú ihò láti òde, okùn á sì so méjèèjì pọ̀. Ara màlúù ni wọ́n ti ń mú kọ̀lájìn yìí, ohun kan náà tó pọ̀ nínú pọ̀nmọ́ tí à ń jẹ. Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á ti yọ́ sínú ara. Ṣùgbọ́n Lucien Campeau ní Kánádà ti ròyìn ní 1989 pé ọrùn ọwọ́ ṣeé gbà wo iṣan ọkàn, nígbà tó sì di 1992, Ferdinand Kiemeneij ní Amsterdam bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni ìdè ọrùn ọwọ́ ti rí iṣẹ́ ṣe.

Ojú mi ló ṣe nígbà tí wọ́n dè é fún àbúrò ìyá mi. Elélùbọ́ ni wọ́n ní Ọjà'ba ní Ìbàdàn, Bẹ́yẹrúnkà ni ilé ọkọ wọn. Dókítà gbé àmì aláwọ̀ ewé lé ojú ihò, ó lẹ ìdè náà pọ̀, ó fi ṣírínjì ti afẹ́fẹ́ tó nǹkan bíi mìlílítà 15 sínú rẹ̀, ó sì rọra fa rọ́bà tó kù nínú iṣan jáde. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀, títí ìkán ẹ̀jẹ̀ pupa kan fi yọ lábẹ́ ike. Àbúrò ìyá mi pariwo.

"Dókítà, ẹ fún un dáadáa o! Ṣé kò nìí tú báyìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Tí mo bá fún un jù, iṣan yẹn lè dí. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọjá lábẹ́ ẹ̀."

Ó dá afẹ́fẹ́ díẹ̀ padà, ìkán ẹ̀jẹ̀ náà dúró, kò sì fi kún un mọ́. Ẹni tó ti ń di ẹnu àpò èlùbọ́ láti kékeré kò lè gbà pé ìdè tí kò fún ni ìdè gidi. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Nọ́ọ̀sì tún fi ìka tẹ iṣan kejì tó ń bọ́ ọwọ́, èyí tó wà níhà ọmọńdinrín, kí ẹ̀jẹ̀ má baà gba ibẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n há mọ́ àtàǹpàkò àbúrò ìyá mi. Ìlà orí ẹ̀rọ náà ṣì ń gòkè, ó ń sọ̀, ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ ń gba abẹ́ ìdè kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ náà jáde. Nígbà tó tó nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta, wọ́n tú u, wọ́n sì lẹ pílásítà kékeré kan síbẹ̀. Àbúrò ìyá mi ti jókòó, wọ́n ti fi ọwọ́ kejì mu ẹ̀kọ.

Ìdè náà kì í bá aláìsàn délé, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó kù fún wa láti ṣe. Fún ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ yẹn kò gbọdọ̀ gúnyán, kò gbọdọ̀ fọ aṣọ, kò sì gbọdọ̀ gbé ẹrù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún jáde, kí onítọ̀hún jókòó, kí ó fi ìka tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣí i wò. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹfinrin, epo tàbí omi ìgbín sí i. Bí kò bá dúró, bí ó bá ń tú pùú, tàbí bí ọwọ́ bá ń wú tàbí tó ń tutù, kí ẹ má dúró bèèrè lọ́wọ́ ará ilé. Láti Bẹ́yẹrúnkà tàbí Màpó, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù kò jìnnà, ilé ìwòsàn UCH náà kò jìnnà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.