Ẹnu Dáì ní Ọ̀tà

Bí òjò bá ń rọ̀ ní Abẹ́òkúta, ìyá mi a máa tẹ́ aṣọ àlòkù sábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀. Férémù alumíníọ̀mù náà kò tíì pé ọdún kan, síbẹ̀ gíláàsì rẹ̀ kì í sún wẹ́rẹ́, bí a bá sì tì í pa, àlàfo tí ìka ọwọ́ lè gbà kọjá ṣì máa ń ṣẹ́kù nísàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wa ṣe é ni mo dá lẹ́bi. Ó ní òun wọ̀n ọ́n dáadáa; n kò gbọ́, mo sì gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀ tó kù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù ní Ọ̀tà ló ní kí n mú ègé kan wá nínú férémù náà. Ọ̀nà Ìfọ̀ ni mo gbà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ojú ọ̀nà yẹn kò yẹ ní ríròyìn.

Ooru ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń mú ọ̀pá alumíníọ̀mù tó ki bí itan àgbàlagbà gbóná dé ìwọ̀n 450 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò yọ́, nítorí ó di 660 kí ó tó yọ́, ṣùgbọ́n ó ti rọ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan a wá tì í tipátipá gba inú irin ribiti tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, èyí tí wọ́n ń pè ní dáì, a sì jáde lódì kejì ní gbọọrọ, bí ìgbà tí a bá fún ọṣẹ ìfọyín. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ láyé: ní 1797 ni Joseph Bramah, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ fún irú rẹ̀ tí a fi ń ṣe páìpù òjé.

Mo rò pé bí a bá ti gbẹ́ ihò bí a ṣe fẹ́ kí férémù rí, ó parí. Bàbá tó ń tún dáì ṣe rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ mi, ṣé o ti dúró létí odò Ògùn rí? Àárín rẹ̀ a máa sáré ju etí rẹ̀ lọ.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni alumíníọ̀mù. Ibi tí ihò bá ti fẹ̀, a sáré. Ibi tó bá ti tín-ín-rín, a fà sẹ́yìn. Bí apá kan bá ṣáájú èkejì jáde, gbogbo rẹ̀ a lọ́. Nítorí náà, níbi tí eré bá ti pọ̀, wọ́n a jẹ́ kí ètè inú ihò gùn sí i, kí irin lè fara ha á pẹ́. Níbi tó bá ti lọ́ra, wọ́n a dín in kù. Gígùn ètè yìí kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Fáìlì ni bàbá náà fi ń ha á, tí yóò ha díẹ̀, tí yóò sì tún wò ó síwájú iná.

Ti férémù oníhò inú ló yà mí lẹ́nu jù. Irin kan wà láàárín dáì tí ẹsẹ̀ gbé dúró. Alumíníọ̀mù a pín yí ẹsẹ̀ wọ̀nyí ká bí omi ṣe ń pín lára àpáta, a sì tún pàdé, kí ooru àti agbára ẹ̀rọ tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bí wọn kò bá fún un láyè tó láti pàdé, ojú ìlẹ̀pọ̀ náà kò ní lágbára. Ojú kò lè rí i, àfi lọ́jọ́ tí ó bá là.

Mo fa ègé tèmi yọ. Bàbá gbé e lé tábìlì irin tó tẹ́jú, ó tẹ igun kan, igun òdìkejì sì gbéra.

“Ó lọ́. Ẹni tó gé e kò lè lọ́ ọ báyìí. Bó ṣe jáde lẹ́nu dáì nìyí. Wọ́n nà án lẹ́yìn ìgbà náà, kò nà tán.”

“Ẹ ṣeun, bàbá,” ni mo wí, n kò sì lè wojú ọ̀rẹ́ mi.

Lójú ọ̀nà Ìfọ̀ ni mo ti pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Kò gbé e. Mo fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí i kí n tó délé. Alẹ́ ni èsì rẹ̀ wọlé: ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí òun lè wá tún fèrèsé ìyá wọ̀n.