Afẹ́fẹ́ Ti Tó Láti Tu Prósẹ́sọ̀ Lára

Àwa tá a mọ kọ̀ǹpútà láti ayé 386, tí Intel gbé jáde ní 1985, a rántí pé prósẹ́sọ̀ náà kì í sábà ní fáànù lórí. Ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Lónìí, Core i9-14900K lè jẹ iná tó tó wáàtì 253 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára, ooru sì ni gbogbo iná náà ń dà, lórí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Abájọ táwọn ọmọ tó ń to kọ̀ǹpútà fúnra wọn fi máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé kúlà wo ni káwọn rà tí owó àwọn ò ní ṣòfò.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kúlà kì í pa ooru. Ńṣe ló ń kó o kúrò lójú kan lọ síbòmíràn. Ẹ gbé ọ̀kan, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó tẹ́jú ló máa fara kan prósẹ́sọ̀. Ibẹ̀ ni páìpù bàbà mẹ́rin tàbí mẹ́fà ti gbéra, tí wọ́n lọ wọ àárín àwọn páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Inú páìpù yẹn ṣófo. Omi díẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí omi náà lè tètè hó. Bí ìsàlẹ̀ bá ti gbóná, omi á di èéfín, á gba apá ibi tó tutù lọ, á padà di omi níbẹ̀, á sì rọra fà padà gba ara inú páìpù wá sí ìsàlẹ̀. Fáànù á wá fẹ́ ooru kúrò lára àwọn páànù náà. Kò sí mọ́tò kankan nínú páìpù, síbẹ̀ kò sinmi. Iṣẹ́ yìí máa ń wú mi lórí títí di òní.

Nítorí náà, kúlà afẹ́fẹ́ kò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju yàrá tó wà lọ. Yàrá tí kò ní éésì ní Ìbàdàn lóṣù Kẹta lè ti gbóná kọjá dígírì 30 kí ẹnikẹ́ni tó tan kọ̀ǹpútà. Yàrá tó tutù ju ìyẹn lọ dáadáa ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dán kúlà wò lókè òkun ń lò. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn kún iye tí wọ́n bá kọ. Bí prósẹ́sọ̀ Ryzen 7 7700X bá dé dígírì 95, á dín eré rẹ̀ kù kó má baà bà jẹ́. Ẹni tó fi kúlà tí kò kájú ẹ̀ sórí rẹ̀ sanwó prósẹ́sọ̀ ńlá, kékeré ló ń lò.

Ó wá kan owó. Ẹni tó ra Ryzen 5 7600, tó jẹ́ wáàtì 65, á bá kúlà nínú páálí rẹ̀. Kó lò ó ná. Kúlà kì í bá 7700X wá ní tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Hyper 212 ti Cooler Master fi jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń júwe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn náà ni Thermalright, ará Taiwan, gbé Peerless Assassin 120 SE dé: páìpù mẹ́fà, fáànù méjì, nǹkan bíi dọ́là 35 ní Amẹ́ríkà. NH-D15 tí Noctua ará Austria gbé jáde ní 2014 kọjá dọ́là 100, bẹ́ẹ̀ dígírì díẹ̀ ló sábà ń wà láàárín àwọn méjèèjì. Mi ò ní bu Noctua kù o. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń dúró ti ọjà wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì ní SSD tó dáa kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe pẹ̀lú kúlà dọ́là 100.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ra kúlà olómi dípò kúlà afẹ́fẹ́. Bí pọ́ǹpù tó ń yí omi inú rẹ̀ ká bá kú, gbogbo rẹ̀ lẹ sábà máa sọ nù. Bí fáànù kúlà afẹ́fẹ́ bá kú, ẹ ra fáànù mílímítà 120 míì, ẹ kàn án mọ́ ọn.

Ẹ wọn inú késì yín kẹ́ ẹ tó sanwó, torí Peerless Assassin 120 SE ga tó mílímítà 155. Ẹ wò ó bóyá irin ìdè rẹ̀ bá sọ́kẹ́ẹ̀tì prósẹ́sọ̀ yín mu, ì báà jẹ́ AM5 tàbí LGA1700. Ẹ ṣí ọ̀rá tó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, ẹ fi pésìtì tó tó ẹ̀wà kan sáàárín rẹ̀ àti prósẹ́sọ̀. Bí ọyẹ́ bá sì dé, tí eruku dí àárín àwọn páànù, ẹ pa iná, ẹ fọwọ́ di fáànù mú kó má yí, kẹ́ ẹ fi búrọ́ṣì gbá a mọ́ lóṣooṣù.