Ohùn Ìyá Ẹlẹ́pà

Ìṣẹ́jú 7 péré ni fíìmù mi àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta la sì fi yà á n'Ìbàdàn. Ìyá kan ń yan ẹ̀pà, ọmọ rẹ̀ ti òkè òkun dé, wọn ò mọ ohun tí wọn ó bá ara wọn sọ. Orí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ìtàn náà dúró lé. Àṣé ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti wọ inú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú kámẹ́rà nìkan ni mo ń wò. N kò fi íàpíìsì sétí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ rẹwà lójú ìyá náà, ohùn rẹ̀ ni ò já gaara. Ó dùn mí gan-an.

Mo wá ronú kan Ọlá Balógun, olùdarí fíìmù, àtàwọn tó bá a ṣe fíìmù Àjàní Ògún ní 1976. Nígbà yẹn, ó dìgbà tí wọ́n bá fọ fíìmù kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n yà. Èmi lè wo tèmi, kí n sì gbọ́ ọ, lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya fíìmù àkọ́kọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹnì kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa tẹ́tí gbọ́ ohùn lọ.