Ẹ Dárúkọ Rẹ̀ fún Wọn

Nínú ilé tí àwọn àgbà ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọmọdé kì í sùn wọra. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi pamọ́ fún un, etí rẹ̀ á gbọ́ díẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì fi tirẹ̀ kún un.

Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé àbúrò mi obìnrin ní jẹjẹrẹ ọyàn, ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ní kí a sọ fún àwọn ọmọ pé ibà ni. Àbúrò mi kọ̀. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì jókòó sórí ibùsùn, ó dárúkọ àrùn náà fún wọn. Èyí àbúrò, ọmọ ọdún 6, dákẹ́ títí, ó wá ní: “Màmi, ṣé torí mo gé yín lọ́mú jẹ ni?”

Ó ti gbọ́ ìtàn ìgbà tó ń hu eyín. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, ó ní kì í ṣe ọmọ náà ló fà á, àti pé fífún ọmọ lọ́mú tilẹ̀ máa ń dín ewu àrùn náà kù. Òótọ́ sì ni. Bí kò bá dárúkọ àrùn náà ńkọ́? Ọmọ yẹn ì bá máa dá ẹ̀bi náà gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 11, tó ti gbọ́ lẹ́nu àlejò pé “ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán”, ì bá máa fura sí ìyá bàbá rẹ̀ tó ń se oúnjẹ fún un.

Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí àrùn yìí ti ṣe rí, ló dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ lọ́dún 1997 kí àwọn obìnrin má baà máa fi í pamọ́ mọ́. Mo gbà pé inú yàrá, lójú àwọn ọmọ ẹni, ni ìgboyà yẹn ti le jù.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé àrùn náà kì í ràn, pé wọ́n lè sùn ti màmá wọn. Oògùn kẹ́mò kan wà tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, doxorubicin, tó pupa bíi sóbò. Ìtọ̀ lè pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ tí a kò sọ fún, ẹ̀jẹ̀ ni yóò pè é. Irun ìyá náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn tí ìtọ́jú náà bá bẹ̀rẹ̀. Kí ti àbúrò mi tó já, ó gbé sísọ́ọ̀sì lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tó máa ń jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ dirun ilé-ìwé ló wá dúró lẹ́yìn ìyá, tó ń gé e díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí a máa sọ fún ọmọdé pé, “Gbàdúrà dáadáa kí màmá rẹ lè yá.” Kó gbàdúrà, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ara ìyá kò bá wá yá, ṣé àdúrà ọmọ ọdún 6 ni kò tó ni? Nígbà tí èyí ẹ̀gbọ́n béèrè bóyá màmá òun máa kú, àbúrò mi ní àwọn dókítà ń tọ́jú òun kí òun má baà kú, àti pé bí nǹkan kan bá yí padà, ẹnu òun ni wọn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó sì mú ìlérí náà ṣẹ, títí kan ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò kan kò dára.