Ibi Tí A Ti Lè Jẹun Yó Ní Ààlà Bẹ́ljíọ̀mù àti Họ́láńdì

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ònkàwé wa tí ẹ ń múra àjò Òkè-Òkun, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ọjọ́ tí mo dé Bruges ní Bẹ́ljíọ̀mù, ilé oúnjẹ kan ní gbàgede ọjà, níbi tí àlejò pọ̀ sí, ni mo yà sí. Owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ni mo san, ebi sì tún ń pa mí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn onílé ni mo ń tọ̀.

Ní Ghent, ẹ bèèrè waterzooi, ọbẹ̀ adìẹ tí wọ́n fi ẹyin àti ọ̀rá wàrà sè. Ẹja ni wọ́n ń fi sè é látijọ́. Bí owó kò bá tó, ẹ lọ sí frietkot, ìsọ̀ ọ̀dùnkún òyìnbó díndín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń dín in, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbẹ, kí inú rẹ̀ sì rọ̀. Wọn a bu stoverij lé e, ẹran màlúù tí a fi bíà sè. Kí ẹni tí kò fẹ́ ọtí ṣọ́ra.

Bí ẹ bá sọdá sí Zeeland ní Họ́láńdì, ẹ dé Yerseke nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe gbàǹjo mosselen, ẹran omi tí ń gbé inú ìkarahun dúdú. Ìkòkò odidi ni wọn yóò gbé ka iwájú yín. Ẹ gbàgbé fọ́ọ̀kì. Ìkarahun òfìfo ni onílé fi ń fa ẹran yòókù yọ.

Níbi tí onílé bá tò sí, ẹ tò sí ẹ̀yìn wọn.