Bí A Ṣe Dá Ohùn Bàbá Padà Lórí VCD

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀rọ̀ àwo DVD kan ni, àti bí a ṣe sọ ọ́ di VCD. Ẹlòmíràn lè rò pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, díẹ̀ ló sì kù kó da àárín wa rú.

Àwa mẹ́rin ni a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan nígbà tí a wà ní ọdún kẹta. Olùkọ́ wa ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ gba lítíréṣọ̀ alohùn kan sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí a dà á kọ, kí a sì ṣe àtúpalẹ̀ rẹ̀. Àwa yan ìjálá. Wọ́n júwe ọdẹ àgbà kan fún wa ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. A yá kámẹ́rà, a wọ ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì sun ìjálá fún wa lábẹ́ igi iwájú ilé wọn títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọn kò gba owó lọ́wọ́ wa. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ya fọ́tò ènìyàn a máa fi í han onítọ̀hún. Ẹ mú tèmi wá kí n wò ó." A dọ̀bálẹ̀, obìnrin inú wa kúnlẹ̀, a ní a ti gbọ́.

Nígbà tí a to fídíò náà tán, ó jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A kọ ọ́ sórí DVD, a fi ọ̀kan sínú iṣẹ́ tí a fún olùkọ́, a sì gba máàkì tó dùn mọ́ wa nínú. Lẹ́yìn ìdánwò, a ra búrẹ́dì àti ìgò ọtí kan, a mú àwo náà lọ fún Bàbá. Wọ́n ti pe àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn méjì jókòó. A fi àwo sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ yí, ó yí, ó kọ "NO DISC." A yọ ọ́, a fi etí aṣọ nù ún, a tún fi í bọ̀ ọ́. "NO DISC." Nígbà tí a wo ojú ẹ̀rọ náà dáadáa, VCD ni wọ́n kọ sí i. Ọmọ wọn ló rà á fún wọn láti máa fi wo fíìmù Yorùbá.

Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé, "Wọ́n gbé ohùn mi lọ, wọn kò tíì gbé e padà." Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀, kò sí ẹni tó la ẹnu nínú wa.

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ní kí a kúkú ra ẹ̀rọ DVD fún Bàbá. A da owó jọ, kò tó ìdajì. Bó bá tilẹ̀ tó, àwọn ọdẹ tó kù ńkọ́? Ẹ̀rọ VCD ló wà nílé tiwọn náà, Bàbá sì fẹ́ kí wọ́n ní tiwọn. Àwo la gbọ́dọ̀ yí padà, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ọ̀kan nínú wa tí a ń pè ní Ẹnjiníà, nítorí ó máa ń tú rédíò, ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Ojú tí ẹ̀rọ VCD fi ń ka àwo kò rí ohun tó wà lórí DVD. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń ka CD jẹ́ nanomita 780, ti DVD jẹ́ 650. Àlàfo láàárín ìlà kan sí èkejì lórí CD sì ju ìlọ́po méjì ti orí DVD lọ. Ó dà bí ìgbà tí a bá gbé ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò mú. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé.

A wá ṣe àṣìṣe wa àkọ́kọ́. A da fídíò náà sórí CD lásán, bí ìgbà tí ènìyàn ń da ìwé sórí fùláàṣì. Ẹ̀rọ VCD kan tí a yá nítòsí họ́sítẹ̀lì kọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé VCD kì í kàn ṣe fídíò tó wà lórí CD. Ó ní ìlànà tirẹ̀, tí Philips, Sony àti àwọn ilé iṣẹ́ kan gbé jáde ní 1993. Àwòrán rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ MPEG-1. Lórí PAL tí à ń lò ní Nàìjíríà, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 352, gíga rẹ̀ 288, àwòrán 25 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Dátà àwòrán jẹ́ kilobit 1150 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ti ohùn jẹ́ 224. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ tò ó sínú àpò tó lórúkọ: bí ẹ bá fi VCD fíìmù kan sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí àpò MPEGAV, nínú rẹ̀ ni AVSEQ01.DAT máa ń wà.

DVD tiwa jẹ́ MPEG-2, 720 ní 576. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Àmì tíntìntín tó di àwòrán kan lórí DVD jẹ́ 414,720. Lórí VCD, ó jẹ́ 101,376. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Ilà ojú Bàbá, iṣẹ́ ọnà ara ìlù, gbogbo ohun tí a tìtorí rẹ̀ yá kámẹ́rà olówó ńlá, ibẹ̀ ni wọn yóò ti dínkù.

Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwíà ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ẹnìkan ní HandBrake ni òun mọ̀. Lóòótọ́, ó rọrùn, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe VCD jáde, ó ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó wá ku méjì. Ẹnjiníà fẹ́ FFmpeg, tí kò ní bọ́tìnì kankan; ẹ ó tẹ àṣẹ fún un ni. Bí ẹ bá ti kọ "-target pal-vcd" sínú àṣẹ náà, òun fúnra rẹ̀ yóò to gbogbo ìwọ̀n tí a kà lókè yẹn. Ẹnì kejì fẹ́ TMPGEnc, tó wá láti Japan. Ìyẹn ní ojú tí a lè máa tẹ̀, ó ní àwòṣe VCD tó ti wà nílẹ̀, ó sì jẹ́ kí a yan bí yóò ṣe fara balẹ̀ tó. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ni àwòṣe PAL àti NTSC. Ti Amẹ́ríkà àti Japan ni NTSC; ẹni tó bá ṣèèṣì yàn án, àwòrán rẹ̀ lè máa fò, tàbí kó pàdánù àwọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tó jẹ́ PAL nìkan.

A fi ọjọ́ méjì jiyàn, kò sì sí ẹni tó ti dán ọ̀kankan wò. Akọ̀wé wa ló la ìjà náà. Ó ní, "Ẹ gé ìṣẹ́jú méjì níbi tí Bàbá ti ń jó. Ẹ fi méjèèjì ṣe é. Ojú wa ni yóò sọ." Bí a bá rántí ohun kan nínú iṣẹ́ yìí, kí ó jẹ́ ìyẹn. Ẹ má fi odindi fídíò dán sọ́fítíwíà wò. Ẹ mú ibi tó le jù nínú rẹ̀, kí ó kúrú.

Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu. Ibi tí Bàbá jókòó kò yàtọ̀ rárá. Ibi tí wọ́n ti ń jó, àwòrán fọ́ sí àpótí kéékèèké, pàápàá ti FFmpeg. Ewé igi ẹ̀yìn wọn ló fà á. Dátà VCD kì í pọ̀ sí i nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Kilobit 1150 náà ni, ijó ni o, ìjókòó ni o. Afẹ́fẹ́ ń mi ewé, ewé ń gba dátà, ojú Bàbá kò rí tó. TMPGEnc, tí a bá ní kó wá ìrìn àwòrán náà dáadáa, tí a sì dín ariwo àwòrán kù, ń fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ojú Bàbá. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra bí ìgbín. A fẹnu kò pé FFmpeg ni a ó máa fi dán nǹkan wò, TMPGEnc ni a ó fi ṣe èyí tí a ó gbé lọ.

Àyẹ̀wò yẹn tún gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú kan. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Fídíò wa jẹ́ 16:9, VCD jẹ́ 4:3. Ó ti fún àwòrán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. A ní láti jẹ́ kí àwòrán fúnra rẹ̀ jẹ́ 216 ní gíga, kí a fi ìlà dúdú 36 sí òkè, 36 sí ìsàlẹ̀. Ẹnìkan ní kí a fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀? A bi í pé ṣé bàbá tirẹ̀ ni yóò fi hàn báyẹn.

Ìjà kejì ló le jù. CD ìṣẹ́jú 80 kò gbà ju ìṣẹ́jú 80 VCD lọ. Ìdí nìyí tí àwọn fíìmù Yorùbá tí a fi dàgbà fi sábà máa ń jẹ́ àwo méjì. Ẹnjiníà ní kí a gé tiwa kù sí àwo kan: kí a yọ ìbà ìbẹ̀rẹ̀, ó gùn jù, kí a yọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Akọ̀wé dìde, ó ní àwa wo ni a fẹ́ yọ ìbà kúrò lẹ́nu ọlọ́jálá? Ta ló kọ́ wa? Wọn kò kí ara wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Níkẹyìn a gbà pé àwo méjì ni. Síbẹ̀, ibo ni a ó ti gé e? Àárín gan-an bọ́ sí àárín oríkì ẹfọ̀n. A sún un síwájú ìṣẹ́jú mẹ́fà, síbi tí Bàbá ti mu omi. Àwo kìíní di ìṣẹ́jú 71, èkejì di 59.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Iná lọ ní aago méjì, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù kò dé aago mẹ́ta. A tún bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Nígbà tí a fẹ́ bọ́ọ̀nù rẹ̀, CD-R la rà, kì í ṣe CD-RW tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kì í kà. A sì yan ìyára tó kéré. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí a yá kà á. A ṣe ẹ̀dà mẹ́rin.

A padà sí abúlé. Bàbá tan jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn. Ẹ̀rọ yí, ó yí, ojú tẹlifíṣọ̀n sì ṣú díẹ̀, ni ohùn Bàbá bá jáde. Àwòrán tí a tìtorí rẹ̀ jà yẹn, wọn kò wò ó pẹ́. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n ń mi orí. Ìyá, ìyàwó wọn, dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú àwo kejì, níbi oríkì orílẹ̀, Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dá a dúró." A dá a dúró. Wọ́n ní, "Mo fo ibì kan níbẹ̀." Ìyá fèsì láti ẹnu ọ̀nà pé, "Ilé bàbá mi ni ẹ fò." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí ojú sí Ìyá, wọ́n sì sun ibi tí wọ́n fò náà fún un lójúkojú. A kò gbé kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pélébé tí CD wà nínú rẹ̀.

Orí kan nínú iṣẹ́ tí a fi gba máàkì sọ pé Bàbá kì í ki orílẹ̀ àna. A ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ojú ewé méjì. Irọ́ ni, wọ́n kàn gbàgbé ni. Bí a kò bá dá ohùn wọn padà, irọ́ náà ni ì bá wà ní ẹ̀ka wa títí láé. A gbé àtúnṣe lọ fún olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń lọ gba ohùn sílẹ̀ ní sáà yìí, kí ẹ tó tan kámẹ́rà, ẹ bèèrè irú ẹ̀rọ tó wà nílé ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ irú àwo tí ẹ ó ṣe.